Orí Kẹfà: Gbogboǹṣe àti Onípò Kan

Ẹ ti dán àwọn ọmọ wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Orúkọ 26 ló wà nínú ìwé yín, bọ́ọ̀sì tí ẹ háyà kò sì gbà ju agbábọ́ọ̀lù 18 lọ. Àwọn mọ́kànlá tó máa bẹ̀rẹ̀ eré kì í fa ìjà. Ìyá tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pàápàá lè ka orúkọ wọn. Àwọn méje tó kù ni kì í jẹ́ kí kóòṣì sùn.

Inú àìsùn yìí la ti máa ń rọ̀ mọ́ ọmọ kan báyìí: ó lè gbá ẹ̀yìn, ó lè gbá àárín, bí a bá sì ní kó bọ́ síwájú, kò ní jànpata. A ó ní, "Ẹ jẹ́ ká mú un, kò síbi tí kò ti lè wúlò." Bí àwọn alágbo ṣe ń polówó àgbo gbogboǹṣe náà nìyẹn: ó ń wo ibà, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro. Mi ò bú àgbo náà o, èmi náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà bá dé tòótọ́, tí ara ń gbóná tí orí ń fọ́, àgbo ibà pọ́ńbélé ni gbogbo wa ń béèrè.

Nínú orí yìí, gbogboǹṣe ni mo máa pe ọmọ tó ń gbá níbi púpọ̀. Onípò kan sì ni ẹni tó fi ibì kan ṣe ilé. Ẹ má wulẹ̀ máa ka iye ibi tí ọmọ kan lè dúró sí. Ihò tó máa ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbé e kúrò níbi tó wà ni kí ẹ máa kà.

Ojú mi rí i kí n tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún kan, mo kó àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 lọ sí ìdíje kan ní ìlú tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Mo fi ọmọ ẹlẹ́sẹ̀ òsì kan sílẹ̀ nílé, nítorí pé nọ́ńbà mẹ́ta, ìyẹn apá òsì lẹ́yìn, nìkan ló mọ̀ ọ́n gbá. Mo mú gbogboǹṣe kan dípò rẹ̀, inú mi sì ń dùn pé mo gbọ́n. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ àṣekágbá, gbogboǹṣe náà ti di nọ́ńbà mẹ́fà wa ní àárín, nítorí ẹni tó ni ipò náà ti gba káàdì pupa. Kò pẹ́ tí a wọ abala kejì, ọrùn ẹsẹ̀ nọ́ńbà mẹ́ta wa rọ́. Mo fa gbogboǹṣe lọ sí apá òsì lẹ́yìn. Mo fa nọ́ńbà mẹ́wàá wá dí àyè rẹ̀. Mo fa ọ̀kan nínú àwọn ará iwájú wá ṣe nọ́ńbà mẹ́wàá, mo sì mú ọmọ kan láti orí bẹ́ǹṣì lọ síwájú. Ẹnì kan ló ṣèṣe, ẹni mẹ́rin ló wá dúró síbi tí kò dúró sí tẹ́lẹ̀. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n ti gbá góòlù méjì sílé wa. Apá òsì tí mò ń bẹ̀rù kọ́ ni bọ́ọ̀lù gbà wọlé o. Àárín gangan ni, ibi tí gbogboǹṣe ti kúrò.

Bàbá kan tó ń wò wá láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì bá mi nídìí bọ́ọ̀sì. Ó ní, "Kóòṣì, ihò kan péré ló wà lára ṣòkòtò yín. Kí ló dé tí ẹ gé ẹ̀wù yín fi lẹ̀ ẹ́?" Mi ò mọ orúkọ bàbá náà títí dòní.

Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ fi ṣeré

Ẹ kọ́kọ́ ya àwọn ipò tí àṣìṣe kan níbẹ̀ ti ń di góòlù sọ́tọ̀. Onípò kan ni kí ẹ fi síbẹ̀, kí ọkàn yín sì balẹ̀.

Aṣọ́lé kò gba àlàyé púpọ̀. Àwọn tó fẹ́ràn Manchester United ṣì máa ń sọ̀rọ̀ oṣù kejì ọdún 2007, nígbà tí Edwin van der Sar fi imú ṣèṣe ní pápá Tottenham, tí wọ́n sì ti lo gbogbo ààyè ìpààrọ̀ wọn tán. John O'Shea, gbogboǹṣe tó ti gbá ọ̀tún, òsì àti àárín ẹ̀yìn, ló kó ìbọ̀wọ́ wọ̀, kò sì jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n góòlù mẹ́rin sí òdo ni United fi ń na Tottenham nígbà náà. Ẹ̀rín rọrùn fún ẹni tó ti jẹun yó. Ẹ mú aṣọ́lé méjì dání, kí ẹ má ṣe fi ti ìtàn O'Shea tan ara yín.

Nọ́ńbà mẹ́sàn-án náà ńkọ́? Ẹ rántí Rashidi Yekini. Góòlù 37 ló gbá fún Nàìjíríà. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà 1994 ní Dallas, Finidi George gba apá ọ̀tún, ó fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sínú, Yekini sì tì í wọlé sílé Bulgaria: góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Gbogbo wa la rí i bó ṣe di nẹ́ẹ̀tì mú tó ń sunkún. Ẹ wo góòlù yẹn dáadáa. Onípò kan ló gbé e wá, onípò kan ló parí rẹ̀. Finidi mọ ibi tí Yekini máa wà láìwojú rẹ̀, torí pé Yekini kì í sí níbòmíràn. Ṣé Yekini lè gbá nọ́ńbà mẹ́rin? Kí ló kàn wá níbẹ̀!

Òmíràn tí àwọn kóòṣì àdúgbò máa ń fojú kéré ni ẹni tó ń jókòó níwájú àwọn ará ẹ̀yìn, tó ń gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ alátakò, tó sì ń fún ẹlòmíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ẹwà, nítorí náà a máa ń rò pé ẹnikẹ́ni lè ṣe é. Claude Makélélé ṣe iṣẹ́ yìí ní Real Madrid títí wọ́n fi tà á fún Chelsea ní 2003. Ọdún mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, Real Madrid kò gba líìgì Sípéènì. Chelsea ní tiwọn gba líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2005 àti 2006. Mi ò ní òun nìkan ló fà á, owó púpọ̀ wà nídìí ọ̀rọ̀ Chelsea ìgbà yẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ máa mọ iye irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí kò bá sí.

Ẹlẹ́sẹ̀ òsì náà sì wọ́n. Bí ẹ bá rí ọ̀kan tó mọ ẹ̀yìn dí, ẹ má ṣe bi í pé kí ló tún lè ṣe.

Onípò kan tó ṣọ̀wọ́n jù tí mo mọ̀ ni Tim Krul. Nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Bràsíl ní 2014, Họ́láńdì àti Costa Rica ń gbá òdo sí òdo, àfikún àkókò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ni Louis van Gaal bá yọ aṣọ́lé rẹ̀, Jasper Cillessen, ó fi Krul rọ́pò rẹ̀ nítorí pẹnáritì nìkan. Krul mú méjì, wọ́n sì yege. Ayé ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ apá kejì ìtàn náà, tí àwọn èèyàn kì í sọ: nígbà tí wọ́n kojú Ajẹntínà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, tó tún di pẹnáritì, van Gaal ti lo ìpààrọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán. Cillessen ló dúró sílé, kò mú ọ̀kankan, wọn ò sì dé àṣekágbá. Ẹni tó bá gbé onípò kan dání gbọ́dọ̀ fi àyè tó máa lò ó pamọ́ fún un. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹrù ló gbé.

Gbogboǹṣe mẹ́ta, orúkọ kan

Àwọn mẹ́ta ni a ń pè ní gbogboǹṣe, bẹ́ẹ̀ wọn ò jọra rárá.

Èkínní ni ojúlówó. Philipp Lahm ará Jámánì ti gbá ẹ̀yìn ní ọ̀tún, ó ti gbá a ní òsì, nígbà tí Pep Guardiola sì dé Bayern Munich ní 2013, ó tún fi í sí àárín. Ní Ife Ẹ̀yẹ 2014, àárín ni Joachim Löw náà kọ́kọ́ fi í sí. Nígbà tí wọ́n ń kojú Àlgéríà, Shkodran Mustafi tó wà ní ọ̀tún lẹ́yìn ṣèṣe. Löw gbé Lahm pa dà sí ọ̀tún, kò sì gbé e kúrò níbẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gba ife náà. Gbogbo ènìyàn ń yin Lahm, ó sì tọ́ sí i. Èmi ń yin bẹ́ǹṣì. Nítorí Sami Khedira, ọmọ àárín gidi, ló jókòó níbẹ̀, òun ló sì wọlé nígbà tí Mustafi jáde. Ihò tí Lahm fi sílẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá lọ tí ẹni tó ni iṣẹ́ náà fi dí i. Ká ní mo ní Khedira tèmi lórí bẹ́ǹṣì lọ́jọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn, bàbá ẹ̀yìn fẹ́ǹsì kì bá tí rí ọ̀rọ̀ sọ.

Èkejì ni ẹni tí wọ́n yí ipò rẹ̀ pa dà. Victor Moses ti kiri dé Liverpool, Stoke àti West Ham gẹ́gẹ́ bí ọmọ wíńgì tí Chelsea yá fún wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2016, Arsenal gbá góòlù mẹ́ta sílé Chelsea láìgba ọ̀kankan, Antonio Conte sì kó èèyàn mẹ́ta sí àárín ẹ̀yìn, ó ní kí Moses máa gba gbogbo ìlà ọ̀tún láti òkè délẹ̀. Wọ́n borí nínú eré líìgì mẹ́tàlá léraléra, wọ́n sì gba líìgì. Àwọn èèyàn ní, "Ẹ ò rí bí Moses ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan!" Rárá. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Conte fún un, ó sì jẹ́ kó máa ṣe é lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Onípò kan tuntun ni wọ́n sọ ọ́ dà. Bright Osayi-Samuel náà kúrò ní wíńgì di ọmọ ẹ̀yìn ní Fenerbahçe. Irú àyípadà yìí ń gba oṣù. Ẹ má ṣe dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ ìdíje.

Ẹ̀kẹta ni mo ń bẹ̀rù. Òun ni ọmọ tó ń gbá gbogbo ibi nítorí pé kò síbi tó ti mọ̀ ọ́n gbá tó bẹ́ẹ̀. Ó ń sáré, ó ń bọ̀wọ̀ fún àgbà, kì í pẹ́ dé, a sì fẹ́ràn rẹ̀. Gbogbo ikọ̀ àdúgbò ló ní ọ̀kan. Ẹ mú un lọ bí àyè bá ṣẹ́ kù. Kí ẹ ṣáà má kọ orúkọ rẹ̀ síbi tí ó yẹ kí ẹ kọ orúkọ Lahm sí.

Bùkáyọ̀ Sàká ni àpẹẹrẹ tó dùn mọ́ mi jù, kì í sì í ṣe nítorí orúkọ rẹ̀ nìkan. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí London ní 2001 ni. Wíńgì ló gbá dàgbà. Ní sáà 2019 sí 2020, Kieran Tierney àti Sead Kolašinac, tí wọ́n ni apá òsì ẹ̀yìn Arsenal, ṣèṣe; wọ́n bá ju ọmọ náà síbẹ̀. Kò ṣe é tìtìjú-tìtìjú. Ó kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó kọ́ ohun tí ọmọ wíńgì kì í ṣe tí ọmọ ẹ̀yìn kórìíra. Ẹ kíyè sí ohun tí Arsenal ṣe lẹ́yìn náà o. Wọn ò fi í sílẹ̀ kó máa dí gbogbo ihò kiri. Wọ́n gbé e sí wíńgì ọ̀tún, wọ́n sì fi í síbẹ̀ títí ibẹ̀ fi di tirẹ̀. Ní Euro 2024, nígbà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kojú Siwisaláńdì, Gareth Southgate tún ní kó máa sọ̀ kalẹ̀ wá ṣọ́ ẹ̀yìn. Ìlà ọ̀tún kan náà ni, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ̀. Ní ìṣẹ́jú 80, tí wọ́n ti gba góòlù kan, ó gé wọ inú láti ọ̀tún, ó fi òsì ta á, ó kan òpó, ó wọlé. Wọ́n yí iṣẹ́ rẹ̀ pa dà, wọn ò yí ilé rẹ̀ pa dà.

Ìrìn inú eré tún yàtọ̀ sí pípààrọ̀ ipò, àwọn kóòṣì tuntun sì máa ń da méjèèjì pọ̀. Nínú Òlíńpíìkì Atlanta ní 1996, Celestine Babayaro ni nọ́ńbà mẹ́ta wa, orí rẹ̀ ló sì fi kan bọ́ọ̀lù tó sọ eré di 1-1 nínú àṣekágbá pẹ̀lú Ajẹntínà. Kò sẹ́ni tó pààrọ̀ ipò rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́ta tó mọ ìgbà tó yẹ kó gòkè ni.

Bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ikọ̀ Atlanta yẹn, èèyàn 18 péré ni òfin Òlíńpíìkì gbà fún wọn, wọ́n sì gbá eré mẹ́fà láàárín ọjọ́ 14. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní tirẹ̀ gba 22 títí dé 1998, ó di 23 ní 2002, ó sì di 26 ní 2022. Bí àyè bá ṣe ń pọ̀ ni ẹ ṣe lè máa kó onípò kan jọ. Bí ó bá ṣe ń kéré ni gbogboǹṣe ṣe ń níye lórí. Tiyín kò lè ju 18 lọ, nítorí bọ́ọ̀sì.

Ẹ mú ìwé ńlá kan. Ẹ kọ ipò mọ́kànlá sí ẹ̀gbẹ́ òsì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níwájú ipò kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ẹni tó ni ín, lẹ́yìn náà ẹ kọ ẹni tó máa wọlé bí onílé kò bá sí. Wàyí o, ẹ fi ìka tẹ ọ̀wọ́ kejì, ti àwọn arọ́pò, láti òkè wá. Bí orúkọ ẹni tó ti wà nínú mọ́kànlá àkọ́kọ́ bá tún yọ níbẹ̀, ẹ dúró, kí ẹ béèrè ta ló máa dí àyè tó ti kúrò. Bí ìdáhùn bá jẹ́ ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì tó sì jẹ́ onípò yẹn, ó dára. Bí ìdáhùn bá tún jẹ́ ẹlòmíràn nínú mọ́kànlá, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí gé ẹ̀wù lẹ ṣòkòtò.

Ẹ tún wò ó bóyá orúkọ kan yọ lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀wọ́ kejì. Ọkàn máa ń balẹ̀ tí a bá rí i, a ó rò pé ìwé ti kún. Ìwé kún ni, ẹnì kan náà ṣì ni. Lọ́jọ́ tí ẹni méjì bá ṣèṣe pọ̀, kò lè pín ara rẹ̀.

Èyí ni mo máa ń mú lọ fún eré tí a fi mẹ́rin sí ẹ̀yìn, mẹ́ta sí àárín, mẹ́ta síwájú: aṣọ́lé méjì, àárín ẹ̀yìn mẹ́ta, nọ́ńbà méjì kan, nọ́ńbà mẹ́ta kan, àti ẹnì kan tó lè ṣe méjèèjì, irú iṣẹ́ tí Ola Aina ti ṣe ní ọ̀tún àti òsì, àárín mẹ́rin, wíńgì mẹ́ta, nọ́ńbà mẹ́sàn-án mẹ́ta. Ìdí tí mo fi ń kó nọ́ńbà mẹ́sàn-án mẹ́ta ni pé n kò tíì rí ìdíje àdúgbò tí góòlù pọ̀ jù fún wa. Ẹ ṣe tiyín bó bá ṣe bá pápá yín mu.

Láti mọ gbogboǹṣe gidi, ẹ má fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìdánrawò dá a lẹ́jọ́. Ẹ fún un ní eré ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ mẹ́ta léraléra ní ipò kejì rẹ̀ yẹn. Ẹ má wo ohun tó ń ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, nítorí ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù á fi ìyẹn bo àṣìṣe rẹ̀. Ẹ wo ibi tó dúró sí nígbà tí alátakò ní bọ́ọ̀lù. Ẹ wo ibi tí àyà rẹ̀ dojú kọ. Ẹ wò ó nígbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́, bí ogún ìṣẹ́jú bá ṣẹ́ kù: ẹni tó ti rẹ̀ máa ń rìn pa dà sílé láìmọ̀. Bí ẹ bá fi í sí ẹ̀yìn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé e lọ sí àárín, àárín nilé rẹ̀.

Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò sí nínú gbogbo èyí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbá gbogbo ibi, títí kan ilé góòlù.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ máa bá ọmọ sọ

Gbogboǹṣe ni a máa ń rẹ́ jẹ jù nínú ikọ̀. Òun ni a ń gbé kiri, òun la ń yọ nígbà tí onílé bá dé, tí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù bá sì béèrè pé "nọ́ńbà mélòó ni?", ẹnu á wọ́ wa. Ẹ wo àríyànjiyàn tí a ti ṣe lórí John Obi Mikel ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní Họ́láńdì ní 2005, òun ló ń dá eré sílẹ̀ fún wa, Lionel Messi nìkan ló sì ta á yọ níbẹ̀. Ó dé Chelsea, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó ń ṣọ́ iwájú ẹ̀yìn, ó sì gba ife ńláńlá. Bó bá dé ọ̀dọ̀ Super Eagles, a tún ní kó gòkè. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń bínú pé wọ́n ba nọ́ńbà mẹ́wàá jẹ́. Èmi ò bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń bínú yé mi.

Nítorí náà, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ẹ tó gbé e. Ẹ má ṣe sọ pé "o lè gbá níbikíbi," kò sí oyin nínú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ. Ẹ sọ ilé rẹ̀ fún un, kí ẹ sọ ibi àlejò rẹ̀, kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ máa dá a pa dà. Ọmọ kan bi mí rí pé, "Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣé ẹ ò ní fi mí síbẹ̀ lọ títí?" Ìbéèrè gidi ni, mo sì jẹ́ kó rí i nínú ìwé mi pé nọ́ńbà mẹ́jọ ni mo kọ ọ́ sí.

Ní ti ọjọ́ eré, òfin ti ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Láti 2020 ni wọ́n ti ń gba ìpààrọ̀ márùn-ún láàyè, ó sì di òfin gidi ní 2022. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹ lè dá eré dúró láti ṣe é, yàtọ̀ sí ìsinmi àárín eré. Gbogboǹṣe tó lè sún láti ipò kan sí èkejì láìjẹ́ pé rẹfirí fọn fèrè ń bá yín fi ọ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn pamọ́. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti ń lò ó jù báyìí: nǹkan bí ìṣẹ́jú 70, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, sí ibi tí a ti jọ sọ tẹ́lẹ̀. Kí ẹ tó lo ọgbọ́n yìí, ẹ bi àwọn tó ṣètò ìdíje yín bóyá òfin ìpààrọ̀ tiwọn jẹ́ márùn-ún tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì bi wọ́n lójú akọ̀wé.

Ìwé ńlá tí ẹ fa ìlà sí yẹn, ẹ fi báírò kọ ọ̀wọ́ àkọ́kọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ìkejì, kí ẹ sì mú rọ́bà dání wọ bọ́ọ̀sì, nítorí láàárín alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sí àárọ̀ Sátidé, ẹnì kan máa fi ẹsẹ̀ kọ.